Orúkọ Òrìṣà Kọ́ Ni Òṣùwọ̀n Ìwé

Mo júbà àwọn àgbà tí ó ṣíwájú mi kí n tó sọ ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ, nítorí pé díẹ̀ nínú wọn ni mo fẹ́ bá jiyàn.

Ìmọ̀ràn kan ń lọ láàárín wa báyìí, pé nínú àwọn ẹgbẹ́ òǹkàwé tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń dá sílẹ̀, kí a má ṣe gba ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì kankan láàyè àfi èyí tí a bá bá orúkọ òrìṣà nínú rẹ̀. Gbogbo èyí tí ó kù, wọ́n ní, àlá àwọn òyìnbó ni: ọkọ̀ tí ń fò lọ sí àárín ìràwọ̀, ẹ̀rọ tí ń ronú, àlejò tí ó ti inú ayé mìíràn wá. Wọ́n ní kí ni ìyẹn kan ọmọ Ọ̀ṣun. Mo ta ko ìmọ̀ràn yìí gẹ́gẹ́ bí awo, mo sì ta kò ó gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ èdè.

N kò sọ pé àwọn tí mo ń bá jiyàn kò ní ìdí. Wọ́n ní in, ó sì lágbára. Ẹni tí ó bá ṣí Bíbélì Yorùbá lónìí yóò bá orúkọ Èṣù níbi tí wọ́n ti ń dárúkọ ọ̀tá Ọlọ́run wọn, ọ̀rọ̀ tí a ti ń jà lé lórí láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, tí a kò sì tíì jà tán. Bí ọmọ tí a fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tọ́ bá tún wá ka ogún ìwé nípa ọjọ́ iwájú, tí ó jẹ́ pé John àti David nìkan ni ó ń wa ọkọ̀ nínú gbogbo wọn, yóò gbà pé ọjọ́ iwájú kì í ṣe ilé baba òun. Àrùn náà wà lóòótọ́. Oògùn tí wọ́n gbé wá ni kò bá a mu.

Orúkọ òrìṣà kò ṣòro kó jọ. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní íntánẹ́ẹ̀tì lè kó igba orúkọ jọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìwé Children of Blood and Bone tí Tomi Adeyemi gbé jáde ní 2018 fi orúkọ òrìṣà sọ odidi ilẹ̀ kan, ó sì fi àmì tó-tó méjì lé lẹ́tà i lórí, Orïsha, àmì tí kò ní iṣẹ́ kankan nínú àkọtọ́ Yorùbá. (Ohùn ìsàlẹ̀ ni fáwẹ̀lì náà ní. A ní àmì ohùn ìsàlẹ̀. A kò ní kí ẹnikẹ́ni lọ yá ti àwọn Faransé.) Inú ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa dùn sí ìwé náà, n kò sì bá wọn jà, ìwé idán ni, kì í ṣe ti sáyẹ́ǹsì. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n tí ó ń wo orúkọ yóò ṣí ìlẹ̀kùn fún irú rẹ̀, yóò sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ Mary Shelley. Òṣùwọ̀n tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ kò wọn nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí Shelley bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ìwé rẹ̀, Frankenstein, tí ó jáde ní 1818, ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ kà sí àkọ́bí irú ìtàn yìí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Victor Frankenstein kó ẹ̀yà ara òkú jọ, ó fi mọ ènìyàn, ó sì mú kí ó mí. Bí ẹ̀dá náà ti la ojú, Victor wò ó, ó rí i pé kò dára ní wíwò, ó sì sá. Kò sí aburú kan nínú ìwé náà tí kò ti inú sísá yẹn wá. Ta ni ní London tàbí ní New York ni ó lè ka ìwé yìí bí ọmọ Ọbàtálá ti lè kà á? Àwa mọ òrìṣà tí ó ń mọ ènìyàn. A mọ̀ pé ó mọ arọ, ó mọ abuké, ó mọ àfín, a sì mọ̀ pé kò sá fún wọn: ó ní tòun ni wọ́n, ẹni òrìṣà ni a ń pè wọ́n títí di òní, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Victor mọ ẹni òrìṣà tán, ó wá kọ̀ láti jẹ́ òrìṣà.

Ẹ tún wò ó: jálẹ̀ ìwé náà, ẹ̀dá yẹn kò ní orúkọ. Kò sí ẹ̀sẹ̀ntáyé fún un, kò sí ìsọmọlórúkọ, kò sí oyin, kò sí iyọ̀, kò sí ẹni tí ó gbé e sókè pé ọmọ wa rè é. Ihò ara ògiri ni ó ń gbà yọjú wo ìdílé tálákà kan, ibẹ̀ ni ó sì ti kọ́ èdè, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn. Àwọn tí wọ́n ń ṣe ẹ̀rọ onílàákàyè lónìí ń ka ìwé yìí bí ìkìlọ̀ nípa ẹ̀rọ. Èmi kà á bí ẹ̀sùn tí ọmọ fi kan bàbá. Bí ọ̀dọ́ wa kan bá kà á tán tí kò ronú kan Ọbàtálá, àwa àgbà ni a kò kọ́ ọ bí a ti ń kàwé.

Ìwé kejì tí òṣùwọ̀n náà yóò lé síta ni The War of the Worlds ti H. G. Wells. Àwọn ẹ̀dá kan ti Mars wá, wọ́n balẹ̀ sí ìgbèríko London pẹ̀lú iná tí ń jó ènìyàn láti òkèèrè, ìbọn àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì kò sì tó nǹkan níwájú wọn. Ní orí kìíní ìwé náà, Wells rán àwọn ará ilé rẹ̀ létí bí àwọn òyìnbó ti run àwọn ará Tasmania. Ìwé ìròyìn kan ni ó kọ́kọ́ tẹ ìtàn náà ní ìpín-ìpín ní 1897, kí ó tó di odidi ìwé ní 1898. Ní oṣù kejì ọdún 1897 yẹn kan náà ni ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì jó ìlú Ìbíní, tí wọ́n sì kó àwọn ère idẹ ààfin lọ. Ọdún márùn-ún ṣáájú, ní oṣù karùn-ún 1892, wọ́n ti fi ìbọn Maxim pa àwọn ọmọ ogun Ìjẹ̀bú ní Ìmagbọn. Nígbà tí ará London ń ka ìtàn náà, tí ó ń bi ara rẹ̀ pé bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí wa ńkọ́, ará Ìjẹ̀bú kò nílò láti rò ó. Ẹ óò wá ní kí ọmọ Ìjẹ̀bú má kà á nítorí pé Wells kò dárúkọ Agẹmọ?

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a wo ìwé tí orúkọ òrìṣà wà nínú rẹ̀, kí a lè rí iṣẹ́ tí orúkọ kan ṣoṣo lè ṣe lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lò. Octavia Butler, obìnrin aláwọ̀ dúdú ará California, gbé Parable of the Sower jáde ní 1993. Ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ ní 2024, ọdún tí àwa ti kọjá báyìí. Omi wọ́n ju epo ọkọ̀ lọ, iná ń jó ìlú, ẹni tí ó ní odi yí àdúgbò rẹ̀ ká nìkan ni ó ń fojú kan oorun. Ọmọbìnrin kan, ọmọ pásítọ̀ Onítẹ̀bọmi, ti kúrò nínú ẹ̀sìn bàbá rẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ó sì ń kọ ìwé ẹ̀sìn tirẹ̀, nínú èyí tí ó ní Ìyípadà ni Ọlọ́run. Orúkọ ọmọ náà ni Lauren Oya Olamina. Ọkùnrin tí ó pàdé lójú ọ̀nà ń jẹ́ Bankole. Ìdílé àwọn méjèèjì ti mú orúkọ Yorùbá ní àwọn ọdún 1960, nígbà tí ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà ń wá orúkọ tí kì í ṣe ti olówó ẹrú.

Butler kò ṣàlàyé Ọya fún ẹnikẹ́ni. Kò wọ aṣọ fún un, kò fi ìwo ẹfọ̀n lé e lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ń fẹ́ jálẹ̀ ìwé náà: ilé ń wó, ọ̀nà ń ṣí, òkú pọ̀ lẹ́bàá títì, obìnrin kan sì ń lọ níwájú, ó ń kó àwọn tí ó ṣẹ́kù jọ. Ẹni tí ó mọ Ọya yóò dá a mọ̀. Èmi kò tíì ka ìwé mìíràn tí ó fi bẹ́ẹ̀ mọ bí ẹ̀sìn ti ń hù láàárín àwọn tí kò ní nǹkan kan mọ́, ó sì yẹ kí àwa tí a ń sọ pé a ń jí ẹ̀sìn dìde jókòó tì í. Ìbéèrè tí ọmọ náà ń bi ara rẹ̀ ni iṣẹ́ tí ẹ̀sìn yóò ṣe fún ènìyàn lọ́la. Àwa ń fi ọjọ́ wa jiyàn lórí ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣe kí ni lánàá.

Ìyàn yẹn náà ni ó bí ariwo pé Ifá ni kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ láyé, nítorí pé Odù jẹ́ 256, nítorí pé Odù kọ̀ọ̀kan ní ipò mẹ́jọ tí a ń tẹ ẹyọ kan tàbí méjì sí. Ìṣirò náà péye. Ohun tí wọ́n fi lé e ni kò nítumọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé jíjọ tí Ifá jọ ẹ̀rọ ni ó fi níyì, ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá yí padà ni iyì Ifá yóò bá a lọ. Mo sì ṣàkíyèsí pé àwọn tí wọ́n ń pa ariwo yìí jù ni wọ́n tún ń ní kí a má ka ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì. Wọ́n fẹ́ iyì sáyẹ́ǹsì, wọn kò fẹ́ ìbéèrè rẹ̀.

Nínú àwọn ìwé tí ohun tiwa hàn gbangba nínú wọn, mo fọwọ́ sí díẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni Midnight Robber (2000) ti Nalo Hopkinson, ọmọ bíbí Jàmáíkà tí ó fi Kánádà ṣe ilé. Nínú rẹ̀, ẹ̀rọ onílàákàyè tí ń ṣọ́ ilé kọ̀ọ̀kan, tí ń gbọ́ ọ̀rọ̀ onílé, tí ń jíṣẹ́, ni wọ́n ń pè ní eshu. Láti Kàríbíánì ni òǹkọ̀wé yìí ti mọ̀ pé ẹni tí ń gbé ọ̀rọ̀ láti ẹnu dé etí ni Èṣù, ohun tí àwọn olùtumọ̀ Bíbélì tí Yorùbá jẹ́ èdè ìyá wọn kọ̀ láti mọ̀. Àdàlù èdè Kàríbíánì tí ó fi kọ ọ́ yóò kọ́kọ́ ni yín lára. Ẹ kà á sókè, yóò là. Lagoon (2014) ti Nnedi Okorafor gbé àwọn àlejò wá sí etíkun Bar Beach ní Èkó. Àlejò àkọ́kọ́ gba orúkọ Ayodele, olórí ìjọ kan sì fẹ́ sọ ọ́ di ọmọ ìjọ rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí. Tade Thompson, ọmọ Yorùbá tí ó jẹ́ dókítà àwọn aláìsàn ọpọlọ, ni ó kọ Rosewater, ìwé tí ó gba ẹ̀bùn Arthur C. Clarke ní 2019. Ìlú kan hù yí ibùgbé àwọn àjèjì ká ní Nàìjíríà. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ni ibẹ̀ ń ṣí, aláìsàn á rọ́ wá, wọ́n á rí ìwòsàn, àfi pé ẹ̀yà ara lè hù síbi tí kò yẹ. Thompson mọ bí àwọn ènìyàn wa ti ń sọ ohun tí kò yé wọn di ọjà kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Kaaro ni ẹni tí ó ń sọ ìtàn náà ń jẹ́, láìsí àmì ohùn. Ẹ bá mi bi òǹkọ̀wé bóyá kíkí ni ó ń kí wa.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí n mú ẹyọ kan ṣoṣo fún awo, n kò ní mú èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí. Story of Your Life ti Ted Chiang, tí ó jáde ní 1998, ni èmi yóò mú. Kò tilẹ̀ gùn tó odidi ìwé. Ẹ lè kà á tán láàárín ọ̀sán kan. (Òun ni wọ́n fi ṣe fíìmù Arrival ní 2016. Fíìmù náà dára. Ìtàn náà jinlẹ̀ jù ú lọ.) Wọ́n pe obìnrin kan, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè, pé kí ó wá kọ́ èdè àwọn àlejò ẹlẹ́sẹ̀ méje. Iṣẹ́ tí ó ń ṣe jọ iṣẹ́ wa gan-an: ó ń tọ́ka, ó ń dárúkọ, ó ń dúró. Ìkọ̀wé àwọn àlejò náà kò tẹ̀lé ọ̀rọ̀ ẹnu wọn. Odidi ọ̀rọ̀ ń wé mọ́ra bí àmì kan ṣoṣo, ẹni tí ó ń kọ ọ́ sì gbọ́dọ̀ ti mọ òpin rẹ̀ kí ó tó fa ìlà àkọ́kọ́. Bí obìnrin náà ti ń kọ́ ọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rí ayé bí àwọn àlejò náà ti ń rí i, àná àti ọ̀la lójú kan náà.

Ó wá mọ ohun tí ń bọ̀, títí kan ìbànújẹ́ tirẹ̀. Kí ni ó kù fún un láti ṣe? Chiang fi ìgbéyàwó ṣe àpẹẹrẹ: gbogbo ẹni tí ó jókòó mọ ọ̀rọ̀ tí àlùfáà yóò sọ, síbẹ̀ dandan ni kí ó sọ ọ́, nítorí pé sísọ rẹ̀ ni ó ń so tọkọtaya pọ̀. Ẹ dá mi lóhùn, ẹ̀yin tí ẹ ń wúre: ta ni ó ń gbọ́ ìròyìn tuntun nínú ìwúre? Nígbà tí a bá dáhùn pé àṣẹ, kí ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀? Ibì kan wà tí èmi àti Chiang ti yapa. Nínú ayé tí ó gbé kalẹ̀, ìmọ̀ wà, ẹbọ kò sí. Ẹni tí ó mọ̀ kò ní ohun tí yóò gbé lọ sí oríta. A kì í dífá kí a má béèrè ohun tí a óò fi rúbọ. Ìtàn ẹni tí ó rú àti ẹni tí kò rú ni ó kún inú Odù. Mo ti ka ìtàn náà lọ́pọ̀ ìgbà, mo sì ń bi ara mi nígbà kọ̀ọ̀kan bóyá gbígbà tí obìnrin náà gba ohun tí ó mọ̀ ni ẹbọ rẹ̀. N kò tíì dá ara mi lóhùn. Ẹ wá ní kí n fi ìwé tí ó mú awo jókòó báyìí sílẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó kọ ọ́ kò dárúkọ Ọ̀rúnmìlà?

Ursula Le Guin tilẹ̀ sún mọ́ wa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú The Left Hand of Darkness (1969), àwọn aríran kan wà tí ìdáhùn wọn kì í tàsé. Ìjòyè kan bi wọ́n pé ọjọ́ wo ni òun yóò kú. Wọ́n ní ọjọ́ 19 oṣù. Oṣù wo? Ọdún wo? Kò béèrè, wọn kò sì sọ. Òtítọ́ tí wọ́n sọ fún un ba ayé rẹ̀ jẹ́. Gbogbo awo tí ó bá ti tẹ́ ẹní fún oníbèéèrè rí ni ó mọ ìjòyè yìí; ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni ó ń wá sọ́dọ̀ tèmi.

Ibi tí ìwé náà ti mú mi gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ èdè ni ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ. Àwọn ará ayé tí Le Guin ń sọ nípa wọn kì í ṣe akọ, wọn kì í sì í ṣe abo, àfi ní ọjọ́ díẹ̀ nínú oṣù. He ni ó pe gbogbo wọn jálẹ̀ ìwé. Wọ́n bá a wí, ó kọ́kọ́ gbèjà ara rẹ̀, nígbà tí ó yá ó gbà pé wọ́n jàre. Ní 2013, Ann Leckie gba ọ̀nà mìíràn nínú Ancillary Justice: she ni ó pe gbogbo ènìyàn, nítorí pé èdè ẹni tí ń sọ ìtàn náà kò ya akọ sọ́tọ̀ sí abo. Bí ẹ̀dá ìtàn náà bá wá ń sọ èdè ibòmíràn, ẹ̀rù a máa bà á kí ó má baà pe obìnrin ní ọkùnrin. Mo rántí àwọn àgbà wa tí àwọn ọmọ iléèwé ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí pé wọ́n pe ìyàwó wọn ní he lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí a kà sí àìmọ̀wé lẹ́nu wọn ni Leckie fi kọ ìwé tí ó gba ẹ̀bùn Hugo àti Nebula.

Ó ni tiwa: ó fún ọkùnrin, ó fún obìnrin, ó fún Odùduwà tí ó jẹ́ bàbá ní Ilé-Ifẹ̀ tí ó sì jẹ́ ìyá níbòmíràn. Ohun tí Le Guin fi ọ̀pọ̀ ọdún wá, inú rẹ̀ ni a bí wa sí. Ṣé títú ìwé rẹ̀ sí Yorùbá yóò wá rọrùn ni? Rárá. Èdè wa kì í béèrè bóyá akọ tàbí abo ni ẹnìkan, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ kí o la ẹnu láìkọ́kọ́ mọ ẹni tí ó jù ọ́ lọ. Genly Ai, aṣojú tí ó ti ayé mìíràn wá, àti Estraven, tí ó ti fìgbà kan jẹ́ igbákejì ọba, jọ rin orí yìnyín fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, àwọn méjì péré nínú àgọ́ kan. You ni wọ́n ń pe ara wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní Yorùbá, ta ni yóò máa sọ ẹ fún ta? Ọjọ́ wo lórí yìnyín ni ẹ yóò di o, ta ni yóò sì kọ́kọ́ sọ ọ́? Gbogbo ìfẹ́ tí ó wà nínú ìwé náà wà nínú ìbéèrè yẹn, Gẹ̀ẹ́sì kò sì ní ẹnu tí yóò fi bi í.

Ìdí nìyí tí mo fi ní oògùn àwọn àgbà wa kò bá àrùn mu. Bí a bá kó gbogbo ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí orúkọ òrìṣà wà nínú wọn jọ, ọjọ́ iwájú ṣì ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Àfi kí a ka èyí tí ó dára jù, ti ẹnikẹ́ni ì báà jẹ́, kí a tú u, kí àwọn ọmọ wa sì kọ tiwọn ní Yorùbá. Fágúnwà gbé Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938. Ọmọ ìjọ ni, ó sì ń wàásù. N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa ní kí a má kà á. Ẹni tí ó bá sì ní ríro ohun tí kò ṣẹlẹ̀ jẹ́ àṣà òyìnbó kò fetí sí èdè ara rẹ̀. Èmi ìbá ti dé bí òjò kò bá rọ̀. Ìbá yẹn, ọ̀rọ̀ kékeré, gbé odidi ayé tí kò sí kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ìyá alákàrà sì ń lò ó lójoojúmọ́.

Fún ẹni tí kò tíì ka ọ̀kan rí: kí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Butler, kí Chiang tẹ̀lé e. Ti Shelley àti ti Wells wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi owó ṣe àwáwí. Le Guin le ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ fara dà á, yìnyín ń bọ̀. Ìkẹyìn ni kí ẹ fi Solaris ti Stanisław Lem sí, ará Pólàǹdì, 1961: òkun kan tí ó dà bí ẹni pé ó ń ronú, àwọn onímọ̀ ti kọ ìwé kún yàrá nípa rẹ̀, wọn kò sì tíì mọ ohun tí ó fẹ́. Àwọn olólókun inú wa yóò gbádùn rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ bá sì ka Le Guin tán, ẹ tú ojú ìwé kan péré sí Yorùbá, ibi tí àwọn méjèèjì ti wà nínú àgọ́, kí ẹ fi í ránṣẹ́ sí mi. Mo fẹ́ mọ ẹni tí ẹ ní kí ó kọ́kọ́ sọ o.